Oníkọ́kọ́rọ́ Tí Ó Ń Jowú Ajá

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí owú lè fi àgbàlagbà ọkùnrin ṣe, kó wá wo Oníkọ́kọ́rọ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ń gé ẹ̀dọ̀ fún ajá. Ó jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó gbé ìwé ìròyìn dání, ṣùgbọ́n ojú ewé kan náà ló ń kà láti ìgbà tí obìnrin náà ti gbé ìkòkò kaná. Ẹ̀dọ̀ ọ̀hún ti jinná, kò níyọ̀, kò láta. Ìyàwó gbé e sórí pákó, ó ń gé e wẹ́wẹ́, ẹyọ kọ̀ọ̀kan kò gbọdọ̀ ju èékánná ìka kékeré lọ, ó sì ń kó o sínú ike olómorí bí ẹni tó ń ka oògùn fún aláìsàn.

"Ìyá wọn," ni Oníkọ́kọ́rọ́ wí, "ṣé ajá nìkan ló ni gbogbo ẹ̀dọ̀ yẹn?"

"Ti kíláàsì ọ̀la ni, Bàbá wọn. Tiyín wà nínú ìkòkò."

Ó dìde, ó ṣí ìkòkò. Omi ẹran àti egungun ló kí i káàbọ̀. Ó dé e padà, ó lọ jókòó. Sùúrù, ajá tí wọ́n tìtorí rẹ̀ ń ṣe gbogbo èyí, nà gbalaja sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ ìyàwó, ó gbójú sókè sí i, kò ṣẹ́jú. Kò tilẹ̀ wo apá ibi tí ọkùnrin tó fi owó ara rẹ̀ rà á wà. Ìyẹn gan-an ló ń dun Oníkọ́kọ́rọ́. Kì í ṣe ẹ̀dọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀dọ̀ náà ò kúrò níbẹ̀.

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ọ́n ládùúgbò. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ há gádígádí, ó wà láàárín ilé ìtajà oògùn àti ilé ẹnìkan tó ń ya fọ́tò pélébé fún àwọn tó fẹ́ rìnrìn àjò. Ara ògiri kún fún kọ́kọ́rọ́ tí a kò tíì gé, wọ́n so wọ́n rọ̀ sórí ìṣó ní ìlà-ìlà. Lórí tábìlì, ẹ̀rọ tó ń gé wọn ń han goooro. Lábẹ́ tábìlì, àpótí àgádágodo ni, tuntun àti ògbólógbòó. Ekuru idẹ a máa bà lé ìpéǹpéjú rẹ̀ títí yóò fi máa dán. Àwọn tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara wọn síta a máa sáré tọ̀ ọ́ wá, wọn a máa mí hẹlẹ, òun a sì ní kí wọ́n fara balẹ̀ jókòó, ilé wọn kò ní sá lọ síbì kankan. Ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀rọ̀ a máa dùn lẹ́nu rẹ̀. Bó bá délé, gbogbo rẹ̀ á di "hùn" àti "hẹn-ẹn". Ìyàwó rẹ̀, tó ń rán kọ́tínì nínú yàrá iwájú, ti pẹ́ tó ti dẹ́kun bíbi í léèrè bí ọjọ́ ṣe rí.

Ọmọ méjì ni wọ́n bí, àwọn méjèèjì sì ti lọ sílé ara wọn. Nígbà tí àbíkẹ́yìn lọ, ilé pa lọ́lọ́, kò sí ìró kankan mọ́ àfi ti máṣìnì ìránṣọ. Ìgbà yẹn ni Oníkọ́kọ́rọ́ ra ọmọ ajá kan lọ́wọ́ awakọ̀ tó wá gé kọ́kọ́rọ́, ó sì gbé e wálé nínú àpò irinṣẹ́.

"Èmi ò ní tọ́jú ajá o," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Mo ti tọ́ ọmọ méjì, mo ṣì ń tọ́ ọkọ kan lọ́wọ́."

"Ta ló bẹ̀ ọ́?"

Kò sẹ́ni tó bẹ̀ ẹ́ lóòótọ́. Ọkọ nìkan ló ń fún ajá náà lóúnjẹ, òun ló ń wẹ̀ ẹ́, òun ló ń mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ó sọ ọ́ ní Sùúrù, ajá tí kò ní sùúrù kankan, bó ti wù kó kéré mọ. Bó bá ń pè é lójú títì, "Sùúrù! Sùúrù!", àwọn tó ń kọjá á máa rò pé àwọn ló ń bẹ̀. Ajá náà a máa fò mọ́ oníbàárà, a máa fa okùn títí ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ á fi máa dún híì-híì, bí ẹnikẹ́ni bá sì kan ilẹ̀kùn, a máa gbó títí gíláàsì fèrèsé á fi máa gbọ̀n. Igbe nìkan ni ẹ̀kọ́ tí ọ̀gá rẹ̀ mọ̀ ọ́n kọ́. Bí ọ̀gá bá pariwo, ajá náà á rò pé àwọn jọ ń gbó ni, á tún fi kún tirẹ̀. Síbẹ̀, orí bàtà ọkùnrin yìí ló ń sùn sí, ojú rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ ń wò láàárọ̀. Ìyẹn sì ti tó Oníkọ́kọ́rọ́ láyé.

Òkè orí wọn ni Onílé ń gbé. Opó ni, ó mọ́ tónítóní, kì í bá ènìyàn jà. Lọ́jọ́ kan, ó ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ lórí àtẹ̀gùn pẹ̀lú agbọ̀n aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, ni Sùúrù bá já wọlé láti ìta, ó fò mọ́ ọn láyà. Aṣọ lọ lọ́tọ̀, Onílé lọ lọ́tọ̀, ọrùn-ọwọ́ rẹ̀ sì wú. Nígbà tí tọkọtaya náà gòkè lọ bẹ̀ ẹ́, kò bú wọn. Ó ní àbúrò òun ní ajá kan tó burú ju èyí lọ, wọ́n mú un lọ sí kíláàsì kan tí wọn kì í ti í na ajá, tó jẹ́ pé ẹran àti ìyìn ni wọ́n fi ń kọ́ ọ, ajá náà sì di ọmọlúàbí. Ó ní kí àwọn náà mú tiwọn lọ.

"Tó bá di ọjọ́ ìdánwò ìparí, èmi fúnra mi á wá jókòó wò ó," ni Onílé wí. "Bó bá gbọ́ràn, kó máa gbé. Bí kò bá gbọ́ràn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ibòmíràn fún un. Egungun mi ò tún lè ṣubú lẹ́ẹ̀kejì."

"Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ," ni ìyàwó sọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀kalẹ̀. Oníkọ́kọ́rọ́ gbé ajá náà mọ́ àyà bó ṣe wúwo tó, ó sì gbé e wọlé.

Gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ni wọ́n ti ń ṣe kíláàsì náà lọ́jọ́ Sátidé. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó gé irun rẹ̀ mọ́lẹ̀ ló ń kọ́ wọn, Tíṣà Ajá ni gbogbo wọn ń pè é. Ó ti ṣàlàyé fún wọn ṣáájú bí wọ́n ṣe máa múra sílẹ̀. Ó ní kí ajá má jẹun yó láàárọ̀ ọjọ́ kíláàsì, torí ajá tó ti yó kì í ṣiṣẹ́ fún ẹran. Kí wọ́n kọ́kọ́ mú un rìn díẹ̀ kó lè tọ̀ kó sì yàgbẹ́. Kí wọ́n gé ẹran rírọ̀ wẹ́wẹ́, irú èyí tó lè gbé mì láìjẹ. Kí wọ́n ká ẹní tó ń sùn lé wá, kí ibi tuntun má bàa já a láyà. Ó ní kí wọ́n fi ṣéènì sílé, okùn aláṣọ ni kí wọ́n mú wá, kí gbogbo ará ilé sì fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ kan fún iṣẹ́ kan, kí ẹnìkan má máa sọ pé "jókòó" kí ẹlòmíràn máa sọ pé "fìdí lélẹ̀".

Lẹ́yìn náà ló fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ike kékeré kan tó ń dún "tá" bí a bá fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́.

"Bó bá ti ṣe ohun tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ tẹ̀ ẹ́, kẹ́ ẹ fún un lẹ́ran lójú ẹsẹ̀," ni Tíṣà Ajá wí. "Ìró yẹn ló máa fi mọ̀ pé ohun tóun ṣe yẹn gan-an lẹ fẹ́. Ẹ má fi ṣeré o. Ohunkóhun tí ajá bá ń ṣe nígbà tó bá gbọ́ ìró yẹn, òun ló máa tún ṣe lọ́la."

Oníkọ́kọ́rọ́ mi orí. Ajá òun ni, kí ni ọmọdébìnrin yìí fẹ́ sọ fún òun nípa ajá òun? Àánú ajá ti ṣe é láàárọ̀, ó ti fún un ní abọ́ oúnjẹ kan odindi. Ṣéènì náà ló sì mú wá. Nígbà tó kàn wọ́n, ó fa ṣéènì, ó ní "Jókòó!" Ajá ń wo òrùlé. Ó tún ní "Jókòó! Mo ní kó o jókòó! Ṣé o ò gbọ́ ni, jókòó jàre!" Ohùn rẹ̀ ń ró nínú gbọ̀ngàn. Ajá kékeré kan tó wà nítòsí tọ̀ sórí bàtà olówó rẹ̀. Sùúrù dẹ etí sẹ́yìn, ó sùn mọ́lẹ̀ pẹrẹsẹ, kò sì dìde mọ́.

"Ẹ ṣeun, sà," ni Tíṣà Ajá wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ta ló tún ń gbé pẹ̀lú rẹ̀ nílé?"

Ìyàwó wà lórí bẹ́ǹṣì lẹ́yìn, ó kàn sìn wọ́n wá ni, ó gbé báàgì ka itan. Wọ́n pè é, wọ́n yá okùn aláṣọ kan fún un. Kò mọ nǹkan kan nípa ajá, bóyá ìyẹn ló sì ràn án lọ́wọ́, nítorí ohun tí wọ́n ní kó ṣe gẹ́lẹ́ ló ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé, "Jókòó." Ó dákẹ́, ó dúró. Ajá wò ó. Ìyàwó ò sọ nǹkan kan. Ajá ronú sí ọ̀rọ̀ náà, ó sì fìdí lélẹ̀. "Tá." Ẹran.

"Ó káre, ọmọ dáadáa," ni ìyàwó wí. "Ó káre."

Wọ́n ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ ló ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ líle ló ń yọ ọfà lápó. Oníkọ́kọ́rọ́ mọ òwe náà dáadáa, ó ti fi gba àwọn oníbàárà níyànjú rí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn, ṣe ló dà bíi pé ẹnìkan ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ lápò níwájú èrò. Ajá òun. Ajá tí òun gbé wálé nínú àpò irinṣẹ́, tí obìnrin yìí ní òun ò ní tọ́jú. Ohun tó tún wá burú jù ni ohùn yẹn. Ó mọ̀ ọ́n. Ohùn tí ìyàwó fi ń bá òun sọ̀rọ̀ ni nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, tó jẹ́ pé yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Kò mọ ìgbà tó ti sọnù, kò sì wá a. Ọjọ́ yẹn ló tún gbọ́ ọ, ajá ni wọ́n sì fi ń yìn.

Tíṣà Ajá ní kí màmá máa mú un bọ̀ láti ìsinsìnyí lọ, kí bàbá máa jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Oníkọ́kọ́rọ́ ní kò burú. Ẹnu rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀.

Nǹkan yí padà nílé. Kò pẹ́ tí Sùúrù fi kúrò lórí bàtà ọkọ, abẹ́ máṣìnì ìránṣọ ló ń sùn báyìí, láàárín ìrépé aṣọ. Ìyàwó ń mú un jáde láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, okùn rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀ láàárín wọn, kò sẹ́ni tó ń fa ẹnìkejì. Bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn, ajá a lọ jókòó sórí ẹní rẹ̀, a máa dúró de ẹran. Onílé fúnra rẹ̀ rí i lórí àtẹ̀gùn, ó mi orí, ó ní wọ́n ń gbìyànjú. Àwọn ará àdúgbò sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí ìyàwó ní "Ìyá Sùúrù". Ìyá Sùúrù, ẹ káàárọ̀. Ìyá Sùúrù, ọmọ yín ti dàgbà o. Kò sí ẹnì kan láàárín wọn tó rántí pe ọkùnrin tó rà á ní Bàbá Sùúrù.

Ní ìrọ̀lẹ́, Oníkọ́kọ́rọ́ a máa dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, a máa gbọ́ ọ bí ìyàwó ṣe ń bá ajá sọ̀rọ̀ nídìí máṣìnì. Ó ń sọ fún un nípa oníbàárà kan tó ní kí wọ́n tú kọ́tínì rẹ̀ ká kí wọ́n tún un rán. Ó ń sọ nípa orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún. Ọkọ kò mọ̀ pé orúnkún ń dùn ún. Ó dúró síbẹ̀ bí olè nínú ilé ara rẹ̀, ó ń jowú ajá nítorí ìyàwó, ó sì ń jowú ìyàwó nítorí ajá. Owú ẹyọ kan ti tó pa ènìyàn, tirẹ̀ tún jẹ́ ìbejì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá bàjẹ́ rèé. Ìyàwó ṣì ń jẹ́ kí ajá tẹ̀lé ọkọ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ní àwọn ọjọ́ tí iṣẹ́ bá pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Oníkọ́kọ́rọ́ tún àgádágodo kan ṣe tán, ó tẹ̀ ẹ́ dé, ó dún "tá". Sùúrù tó ti sùn lọ fò dìde, ó sáré wá, ó jókòó síwájú rẹ̀, ó gbójú sókè. Ìró yẹn ti ń dún ní ṣọ́ọ̀bù náà láti ìgbà tó ti wà lọ́mọ ajá, kò kà á sí rí. Àmọ́ kíláàsì ti kọ́ ọ pé bí nǹkan bá dún báyìí, ẹran ń bọ̀. Oníkọ́kọ́rọ́ wo ojú tó ń wò ó. Ó tó ìgbà díẹ̀ tí ojú yẹn ti wò ó bẹ́ẹ̀ gbẹ̀yìn. Ọkàn rẹ̀ rọ̀ pẹ̀sẹ̀. Ó ṣí abọ́ oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀, ó fa ẹran ya, ó fún un.

Ẹni tó bá tọ́ oyin wò lẹ́ẹ̀kan, ṣé ẹ̀ẹ̀kan náà ló máa mọ? Lọ́jọ́ kejì, ó gbé àgádágodo. "Tá." Ajá wo ojú rẹ̀. Ẹran. Kò ní kó jókòó, kò ní kó wá, kò ní kó dúró. Wo ojú mi, ìyẹn nìkan ló ń fẹ́. Ó wá ń pa ẹran oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ mọ́ pátápátá fún un, òun á jẹ ìyókù bẹ́ẹ̀. Kò pẹ́ tí ajá kò fi nílò àgádágodo mọ́. Bó bá ti rí Oníkọ́kọ́rọ́ báyìí, yóò jókòó, yóò tẹjú mọ́ ọn. Òun pẹ̀lú á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní ṣebí òun náà mọ̀ ọ́n kọ́.

Ní Sátidé tó ṣáájú ìdánwò, gbogbo rẹ̀ tú. Ìyàwó ní "Wá", Sùúrù yíjú sí bẹ́ǹṣì. Ìyàwó ní "Dúró", ajá dúró lóòótọ́, àmọ́ ó ti kọ̀dí sí i, ojú ọkùnrin tó wà lórí bẹ́ǹṣì ló ń wò. Àwọn ajá yòókù ń ṣe dáadáa. Ajá kékeré tó tọ̀ sórí bàtà lọ́jọ́sí pàápàá ń tọ ọ̀gá rẹ̀ lẹ́yìn wọ́ọ́rọ́. Tíṣà Ajá fa ojú ro, ó ní kò yé òun, ó ní bóyá ó rẹ ajá náà ni.

Nígbà tí wọ́n délé, ìyàwó jókòó sídìí máṣìnì, kò rán nǹkan kan. "Ọwọ́ mi ni ò dára," ó ní. "Èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n ṣe."

"Hùn," ni Oníkọ́kọ́rọ́ dáhùn.

Ẹ má wulẹ̀ bi mí bí inú rẹ̀ ṣe rí. Inú rẹ̀ dùn. Àgbà tí irun rẹ̀ ti ń funfun, inú rẹ̀ dùn pé ìyàwó rẹ̀ ń banú jẹ́, ó sì jẹun yó lọ́jọ́ náà, ó tilẹ̀ súfèé nínú balùwẹ̀. Onílé kò wá sí i lọ́kàn rárá, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ tí Onílé sọ.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, ó gbàgbé abọ́ oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ sílé, àmọ́ kò gbàgbé ẹran ajá, ìyẹn wà lápò rẹ̀ nínú ọ̀rá. Ìyàwó fi ẹsẹ̀ rìn gbé abọ́ náà wá bá a. Ẹ̀rọ kò ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, kò sí oníbàárà, ṣọ́ọ̀bù dákẹ́. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó rí ọkọ rẹ̀ lórí àga, àgádágodo lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹran lọ́wọ́ òsì, ajá níwájú rẹ̀, ojú ko ojú. "Tá." Ẹran. "Tá." Ẹran.

"Ẹ̀yin ni," ó ní.

Oníkọ́kọ́rọ́ fi àgádágodo sábẹ́ itan bí ọmọ tó jí ṣúgà. Ajá ju ìrù sí ìyàwó, ó tún yíjú sí ọkọ, kò mọ èyí tí ì bá ṣe.

"Mo ti ń sọ fún ara mi pé ọwọ́ mi ni kò dára," ni ìyàwó wí. "Mo ti fẹ́ bẹ Tíṣà pé kó wá ẹlòmíràn fún un. Ẹ̀ ń wò mí níbi tí mo ti ń sọ ọ́. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ṣe báyìí, Bàbá wọn?"

Ó wá irọ́ káàkiri inú rẹ̀, kò rí èyí tó ṣe é pa. "Owú ni mò ń jẹ," ó ní.

"Owú ta? Tèmi ni àbí ti ajá?"

Ó rò ó. "Ẹ̀yin méjèèjì."

Ẹ̀rín fẹ́ pa ìyàwó, kò jẹ́ kó jáde. Ó gbé abọ́ kalẹ̀ sórí tábìlì, láàárín ekuru idẹ.

"Ohùn tó o fi ń bá a sọ̀rọ̀," ni Oníkọ́kọ́rọ́ wí, ó ń wo ilẹ̀, "o ò fi bá mi sọ̀rọ̀ mọ́."

"Ajá máa ń wojú mi tí mo bá ń sọ̀rọ̀," ni ìyàwó dáhùn. "Ẹ̀yin, ìwé ìròyìn lẹ máa ń wò."

Kò sí ìbínú nínú rẹ̀, ìyẹn ló jẹ́ kó wọ̀ ọ́ lára tó bẹ́ẹ̀. Ìyàwó fa àpótí kan, ó jókòó tì í. Ó ti pẹ́ tó ti jókòó ní ṣọ́ọ̀bù yìí gbẹ̀yìn.

"Ẹ gbọ́," ó ní. "Sátidé ni Onílé ń bọ̀ wá wò ó. Bó bá jẹ́ ojú yín ló ń wò lọ́jọ́ yẹn, ó máa lọ nìyẹn. Ẹ ò ní rí i mọ́, èmi náà ò ní rí i mọ́. Ṣé ohun tẹ́ ẹ fẹ́ nìyẹn?"

"Mo fẹ́ kó dúró."

"Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kó dúró, ẹ jẹ́ kó jẹ́ tèmi."

Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn, ó fẹ́ gé kọ́kọ́rọ́, Oníkọ́kọ́rọ́ gé e fún un, ó gba owó, ó sì padà wá jókòó. "Kò burú," ó ní.

Látọjọ́ yẹn, ajá kò tẹ̀lé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Bó bá délé tí Sùúrù wá jókòó síwájú rẹ̀, tó gbójú sókè, tó ń dúró, yóò wo ibòmíràn. Ìyẹn le ju kó ṣí ilẹ̀kùn irin láìsí kọ́kọ́rọ́ lọ. Ajá náà á dúró, á tún ibi tó jókòó sí ṣe bóyá kò jókòó dáadáa ni, á tún dúró. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Oníkọ́kọ́rọ́ bi ìyàwó rẹ̀ léèrè bí orúnkún ṣe ń ṣe é. Ìyàwó wò ó tìyanu-tìyanu, ó ní ó sàn díẹ̀, ó sì ń bá aṣọ rẹ̀ lọ. Kí ẹ má bàa rò pé owú ti tán nínú rẹ̀, kò tán o. Ó kàn kó o pamọ́ ni, ó ń ta á nínú.

Ó ti fẹ́ jókòó sílé lọ́jọ́ ìdánwò, àmọ́ ẹsẹ̀ Onílé kò lágbára tó, ó ní kí ó wá fa òun lọ́wọ́. Báyìí ló ṣe tún bá ara rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, Onílé lápá ọ̀tún rẹ̀, pẹ̀lú báńdéèjì lọ́rùn-ọwọ́ síbẹ̀.

Ìyàwó ti ṣe gbogbo ìmúrasílẹ̀. Ajá kò jẹun, ó ti tọ̀ lójú ọ̀nà, ẹní rẹ̀ wà nílẹ̀, ẹ̀dọ̀ wà nínú ike. Ó mú un gba àárín àwọn àjèjì kọjá, ó dára. Ó ní "Jókòó", ó jókòó. Ó ku ẹyọ kan: kí ìyàwó fi í sílẹ̀ láìsí okùn, kó rìn dé ìpẹ̀kun gbọ̀ngàn, kó pè é, kí ajá sì wá tààrà. Ìyàwó fi í sílẹ̀, ó ń rìn lọ. Bí ó ṣe kọ ẹ̀yìn báyìí, Sùúrù yí orí díẹ̀díẹ̀, ó rí bẹ́ǹṣì, ó yí gbogbo ara. Ó jókòó dáadáa, ó tẹjú mọ́ Oníkọ́kọ́rọ́.

"Sùúrù, wá," ni ìyàwó pè láti òdìkejì.

Ajá kò mira. Onílé pòṣé. Gbogbo ojú tó wà nínú gbọ̀ngàn tọ ojú ajá lọ, wọ́n sì bá ọkùnrin kan níbẹ̀ tó ń làágùn. Tíṣà Ajá rìn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó sọ̀rọ̀ sí i létí.

"Sà, ẹ dìde, ẹ kọ ẹ̀yìn sí i. Ẹ má sọ nǹkan kan."

Ó dìde. Bí ó ṣe dìde ni ajá na etí, ìrù rẹ̀ ń gbálẹ̀. Kò sí ohun tó wu Oníkọ́kọ́rọ́ láyé lójú ẹsẹ̀ yẹn ju kó la apá lọ. Ó mọ̀ pé bí òun bá la apá péré, ajá náà á sáré gba àárín gbọ̀ngàn kọjá, á fò mọ́ òun, gbogbo èrò yìí á sì mọ ẹni tó ni ajá, ìyàwó náà á mọ̀. Ó yí padà, ó kọjú sí ògiri.

Ó gbọ́ èékánná lórí ilẹ̀ dídán, kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́, wọ́n ń bọ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Imú tútù kan kàn án ní ojúgun. Ó di ọwọ́ méjèèjì mọ́ra. Imú náà kúrò, ó tún padà, ó gbọ́ òórùn ṣòkòtò rẹ̀ látòkè délẹ̀, ó ń béèrè ohun tóun ṣe. Omi lé sójú Oníkọ́kọ́rọ́, ó ń wo ibi tí ọ̀dà ti bó lára ògiri.

"Sùúrù," ni ìyàwó pè, ní ohùn yẹn gan-an. "Wá."

Èékánná dúró díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ń lọ, wọ́n ń yára sí i, wọ́n ń sáré. "Tá." Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Kò yíjú padà títí Tíṣà Ajá fi ní ó ti tó.

Onílé ní kó máa gbé. Ó ní òun ti rí i, ó tẹ́ òun lọ́rùn. Tíṣà Ajá kí ìyàwó, ó wá sọ fún ọkọ pé kó má pè é, kó má fún un ní nǹkan kan, títí wíwo ojú yẹn á fi kúrò lára rẹ̀. Oníkọ́kọ́rọ́ béèrè pé ìgbà wo nìyẹn. Tíṣà Ajá ní ó di ìgbà tí ajá bá gbàgbé.

Wọ́n ń lọ sílé. Ìyàwó àti ajá wà níwájú, okùn rọ̀ láàárín wọn, ó ń bá a sọ̀rọ̀, ajá ń gbójú sókè sí i. Oníkọ́kọ́rọ́ fa Onílé lọ́wọ́ lẹ́yìn, ó mọ̀ọ́mọ̀ ń falẹ̀ kí ọ̀nà lè jìn sáàárín wọn.

"Ajá ìyàwó yín mà gbọ́ràn o," ni Onílé wí.

"Ó gbọ́ràn, mà," ni Oníkọ́kọ́rọ́ dáhùn.

Ó ń wo ẹ̀yìn ajá náà láti ibi tó wà. Ajá náà kò wẹ̀yìn wò. Ó ń dùn ún wọnú egungun pé kò wẹ̀yìn wò, ó sì ń bẹ Ọlọ́run nínú ara rẹ̀ pé kó má wẹ̀yìn wò.